Àwọsánmà Òru Sábẹ̀ àti Àwọn Awakọ̀ Òfuurufú

Ẹni tí ó bá jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nínú oṣù keje ní ìlú Sábẹ̀ yóò rí i pé ojú ọ̀run ti sọ̀kalẹ̀. Àwọsánmà eléérú kan ti tẹ́ rẹrẹ bí ẹní, díẹ̀ ni ó sì fi ga ju àwọn òkè àpáta tí a fi ń mọ ìlú náà láti òkèèrè. Kò sí òjò, kò sí ààrá. Àwọn àgbẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí oko, àwọn ọmọ ń gba abẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí ohun tí ìtàn lè wà nínú rẹ̀. Èmi pàápàá kò kà á sí, títí di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan béèrè pé ta ni ń sọ fún awakọ̀ òfuurufú bí abẹ́ àwọsánmà ṣe rí. Ó ní, "Ṣé láti Paris ni wọ́n ti ń sọ fún un ni, ọ̀gá?"

Kì í ṣe Paris. Sábẹ̀ wà lára ibùdó ńlá mẹ́fà tí ó ti pẹ́ tí a ti ń wo ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn márùn-ún yòókù ni Kútọnu, Bohicon, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1959, ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn orílẹ̀-èdè tí òmìnira wọn kù sí dẹ̀dẹ̀ bá Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó bí àjọ ASECNA, kí ètò ààbò ọkọ̀ òfuurufú má baà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Dàhòmì wà lára wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni òmìnira tiwa dé. Ó túmọ̀ sí pé a ti fẹnu kò lórí òfuurufú kí ilẹ̀ tó di tiwa, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní ìtàn máa mẹ́nu bà ju bí a ti ń ṣe lọ.

Iṣẹ́ olùwòye ojú ọjọ́ kò ní ariwo. Yóò jáde ní wákàtí wákàtí, yóò wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá àti bí ó ṣe le tó, yóò wo bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, yóò sì pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà mẹ́jọ láti mọ ìdá tí àwọsánmà bò. Ní pápákọ̀ òfuurufú, àmì kúkúrú ni a fi ń kọ èyí. Bí awakọ̀ bá ka OVC010, ó mọ̀ pé àwọsánmà bo gbogbo ọ̀run, àti pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ilẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí 300 mítà. Aago kan náà ni gbogbo wọn ń lò: agogo Lómé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Kútọnu, ṣùgbọ́n nínú ìwé awakọ̀, ìlú méjèèjì wà ní wákàtí kan náà.

Kí ni ìròyìn yìí ń gbà là? Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, ọkọ̀ Boeing 707 kan ń kó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà bọ̀ láti Jeddah. Èkó ni ó ń lọ. Ojú ọjọ́ Èkó kò dára, awakọ̀ bá yí sí Kano, níbi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń fẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan kán nígbà tí ó ń balẹ̀, ọkọ̀ sì gbiná. Nínú ènìyàn 202, 176 ni ó kú. Títí di ìgbà náà, ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú kankan kò tíì pa tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ni ó fà á, nítorí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bà lé náà ní kòtò. Síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí ni mo ti mọ̀ pé ojú ọjọ́ ibi tí à ń lọ kò tó. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ti ibi tí yóò sá lọ pẹ̀lú.

Ìjì ńlá tí í ṣáájú òjò máa ń ti ìlà oòrùn bọ̀ ní agbègbè wa, nítorí náà ìròyìn Kútọnu jẹ́ ìkìlọ̀ fún Lómé. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń kó eruku wá láti ìhà Bodélé ní Ṣáàdì, ó sì ń sọ ọ̀sán di bàìbàì. Gbogbo ènìyàn mọ àwọn wọ̀nyí. Àwọsánmà òru ni a kò mọ̀ dunjú.

Sátẹ́láìtì pàápàá kì í rí i dáadáa lóru, nítorí pé ó súnmọ́ ilẹ̀, òtútù rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ilẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọsánmà mìíràn tí ó ga jù ú lọ tún bò ó mọ́lẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Áfíríkà kóra jọ nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí a pè ní DACCIWA. Ibùdó ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n yàn: Kumasi ní Gánà, Sábẹ̀, àti Ilé-Ifẹ̀. Méjì nínú mẹ́ta bọ́ sí ilẹ̀ Oòduà. N kò lè ṣàì fi ṣe fáàrí díẹ̀. Wọ́n ń ju bàlúùnù tí ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sókè láti Sábẹ̀ ní òru àti ní ìdájí. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ti Faransé, ti Jámánì àti ti Gẹ̀ẹ́sì, fi pápákọ̀ Lómé ṣe ibùdó, wọ́n sì ń fò wọ inú àwọsánmà náà gan-an.

Ohun tí wọ́n rí rèé. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tútù láti etí òkun a máa wọ inú ilẹ̀ lọ sí àríwá, yóò sì dé Sábẹ̀ ní alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti sùn, afẹ́fẹ́ mìíràn a máa sáré ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà lókè orí wa, kíkankíkan ju èyí tí à ń mọ̀ lára nílẹ̀ lọ. Òtútù yìí ni ó ń sọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ di àwọsánmà ní òru, títí oòrùn yóò fi tú u ká láàárín òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 300 mítà: OVC010 tí mo mẹ́nu bà lókè. Awakọ̀ ọkọ̀ kékeré tí ó ń fi ojú lásán wá ọ̀nà yóò há sáàárín àwọsánmà yẹn àti orí òkè àpáta.

Mo dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn, èsì náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní a lè wo díẹ̀ fúnra wa. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ kíláàsì náà ti ń kọ wákàtí tí òpó àsíá ilé-ìwé bá kọ́kọ́ ní òjìji sínú ìwé kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó jẹ́ agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọjọ́ Ajé, agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, agogo ìjáde-ilé ọ̀sán lù, òpó náà kò tíì ní òjìji.