Ta Ni Yóò Tún Ilé Ṣe, Ta Ni Yóò sì Gba Owó Rẹ̀? Àríyànjiyàn Onílé àti Ayálégbé ní Èkó láti 1913



Bí òrùlé bá ń jò ní Èkó, ìbéèrè méjì ni ó máa ń bí. Èkíní ni pé, ta ni yóò tún un ṣe? Èkejì ni pé, ta ni yóò gba owó ohun tí a fi tún un ṣe? Ìbéèrè kejì yìí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn, àfi ìgbà tí ayálégbé bá fẹ́ kó jáde tàbí tí ìjọba bá fẹ́ wó ilé. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ìbéèrè méjèèjì kò ṣe é yà kúrò lára ara wọn, àti pé ìtàn òfin ilẹ̀ ní Èkó ni ó so wọ́n pọ̀.

Ní àṣà Yorùbá, ọ̀tọ̀ ni onílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni onílé. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Alábòójútó ni olórí ẹbí jẹ́. Àlejò tí a bá fún ní ilẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe pé ìṣákọ́lẹ̀ náà tó iye ilẹ̀, bí kò ṣe láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó fún òun ní ilẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ilé síbẹ̀ ni ó ń rẹ́ ògiri rẹ̀, òun náà ni ó sì ń pààrọ̀ òrùlé rẹ̀. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wọlé lẹ́yìn tí wọ́n gba Èkó ní 1861 gba ọ̀nà mìíràn. Nínú òfin tiwọn, ohun tí a bá kàn mọ́ ilẹ̀ ti di ti onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà kò sọ ọ́ di dandan, ní gbogbogbòò, pé kí onílé tún ilé ṣe fún ayálégbé bí àdéhùn kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń gbé ilé fi lè náwó sí i, tí owó náà yóò sì di ti ẹlòmíràn.

Ẹjọ́ Àpápá ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a yẹ̀ wò. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, béèrè owó ilẹ̀ náà. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé ẹ̀tọ́ àtigba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní, owó ẹ̀tọ́ náà nìkan ni a ó sì san. Àwọn ilé-ẹjọ́ tí ó wà nílé fara mọ́ èyí. Olúwa gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921, Privy Council dá ẹjọ́ náà láti ẹnu Viscount Haldane pé gbogbo ẹbí ni ó ni ilẹ̀ náà, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ẹni tí ó ni ilẹ̀ pátápátá. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tí ó ni nǹkan ni ẹjọ́ náà dá láre. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó háyà yàrá.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó háyà yàrá dé ní 1955. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní Èkó ní 1924 ni ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928. Àjọ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín ìlú Èkó ní 1955, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 70 éékà. Ọwọ́ àwọn tí ó ni ilé ni owó gbà-má-bínú lọ. Nígbà tí ilé bá sì jẹ́ ti ẹbí, owó náà a di wẹ́wẹ́ kí ó tó kárí. Ní ti ayálégbé, ohun tí a nawọ́ rẹ̀ sí i ni ilé tí yóò tún máa háyà ní Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1961, fi hàn pé àwọn tí ó kó lọ síbẹ̀ jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń ṣòwò, wọ́n sì jìnnà sí àwọn ẹbí wọn. Kò sí ẹni tí ó ṣírò ìwọ̀nyí mọ́ owó ilé.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 yí ọ̀nà ìṣírò náà padà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, kò ní san iye tí ilẹ̀ tó lọ́jà mọ́. Yóò san owó tí a san fún ìjọba lórí ilẹ̀ náà ní ọdún yẹn, bí ó bá wà, àti owó irúgbìn àti ti ilé. Iye tí yóò ná ènìyàn láti kọ́ irú ilé náà ni a ó fi ṣírò rẹ̀, a ó sì yọ iye tí ọjọ́ àti ìlò ti jẹ lára rẹ̀. Ohun tí Olúwa gbà ní 1921 ti bọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà níbẹ̀ tí a kì í sábà rí: láti ìgbà yìí, àtúnṣe ti di owó. Ilé tí a kò tún ṣe yóò dín owó onílé kù. Ilé tí ayálégbé bá fi owó ara rẹ̀ tún ṣe yóò sì bu kún un. Ilé ni òfin náà ń wọ̀n. Kì í wọ̀n ẹni tí ó tún un ṣe.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ó fi ìtọ́jú ẹ̀yìn ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò sọ́rùn onílé, ó sì ní kí ayálégbé tọ́jú ibi tí ó háyà. Ó tún sọ pé bí ayálégbé bá ṣe àfikún sí ilé pẹ̀lú àṣẹ onílé nínú ìwé, tí onílé sì fòpin sí ìgbé rẹ̀, ó lè béèrè owó àfikún náà nígbà tí ó bá ń jáde, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdéhùn wa, kì í ṣe ìwé. Òfin náà sì yọ Ìkòyí, Victoria Island, GRA Ìkẹjà àti Àpápá kúrò, Àpápá kan náà tí ẹjọ́ Olúwa ti bẹ̀rẹ̀.

Onílé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Sìmẹ́ńtì wọ́n, páànù wọ́n, àwọn ayálégbé kan sì ń ba ilé jẹ́ kí wọ́n tó kó jáde. N kò sọ pé kí a gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé láti 1913, ẹni tí ó lè fi hàn pé òun ni ó ni nǹkan ni a ń san owó fún, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ a sì máa pòórá. Kí onílé àti ayálégbé jọ kọ ipò tí ilé wà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá gba kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n kọ iye àtúnṣe kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó san án. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Láàárín onílé àti ayálégbé, ibi tí a kò kọ sílẹ̀ ni ògiri ti ń lanu.