Láti Áténì dé Àtìláńtà: Àmì Ohùn àti Eré Gíríìkì Lọ́wọ́ Yorùbá

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní McDonough, ìlú kan ní gúúsù Àtìláńtà, lè jókòó sílé rẹ̀ kó ka Antigone, eré tí Sophocles kọ ní nǹkan bí ọdún 441 ṣáájú ìbí Krístì. Perseus, àkójọ ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Yunifásítì Tufts ń bójú tó, gbé eré náà kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní èdè Gíríìkì. Bí òǹkàwé bá tẹ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ nínú gírámà yóò jáde. Ní Oxford, àkójọ APGRD, tí a dá sílẹ̀ ní 1996, ń ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí a ti ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, ọdún tí a ṣe é, àti àwọn tó ṣe é. Kí ni ohun èlò wọ̀nyí lè kọ́ ẹni tó ń ṣèwádìí eré Yorùbá?

Ìtàn náà kò jìnnà sí McDonough. Ní 1994, Yunifásítì Emory ní Àtìláńtà ni a ti kọ́kọ́ ṣe Tegonni: An African Antigone, tí Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kọ. Ní ọdún tó ṣáájú, ìjọba ológun Nàìjíríà ti fagi lé ìdìbò 12 Oṣù Kẹfà. Ọ̀ṣọ́fisan gbé ìtàn obìnrin tó tako àṣẹ pé kí òkú arákùnrin rẹ̀ wà láìsin lọ sí ilẹ̀ Yorùbá abẹ́ ìjọba amúnisìn. Antigone fúnra rẹ̀ wọ inú eré náà, ó sì bá Tegonni pàdé lójúkojú. Ṣáájú èyí, ní Ifẹ̀ ní 1968, Ọlá Rótìmí ti sọ ìtàn Oedipus di ti Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame. Lẹ́yìn náà, ní 2004, Women of Owu tí Ọ̀ṣọ́fisan kọ so ìparun Troy mọ́ ìparun Òwu.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n orin Yorùbá wà nínú wọn. Àkọsílẹ̀ lè sọ ọdún àti ibi ìṣeré. Kò lè sọ bí orin ṣe dún. Láìsí àmì ohùn, opó tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ lè di ẹni tó ń sunkún ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi jagun.

Ìtàn èdè Gíríìkì tànmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí. Èdè náà ní ohùn òkè àti ohùn ilẹ̀ tirẹ̀ láyé àtijọ́. Ní àsìkò Sophocles, àwọn ará Áténì kì í kọ àmì sórí ọ̀rọ̀, nítorí etí wọn ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí èdè náà rìn jìnnà ni àmì ohùn di dandan. Aristophanes ará Bísáńṣíọ̀mù, onímọ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Krístì, ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ pé ó dá wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tó sọ pé onílé kò nílò àmì ohùn kò parọ́. Ẹni tó wà lájò ni wọ́n gbàgbé. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí McDonough dà bí òǹkàwé Alẹkisáńdíríà: ọ̀rọ̀ wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò bá ohùn dàgbà. Ẹ̀kọ́ tí Perseus ń kọ́ni ju ti ẹ̀rọ lọ: kò sí ọ̀rọ̀ tó kéré jù láti ṣàlàyé. Orin inú Tegonni yẹ fún irú ìtọ́jú kan náà: ohùn rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀ka-èdè rẹ̀, àti ayẹyẹ tí a ti ń kọ ọ́. Àtìláńtà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ wọ́n lórí ìtàgé, jẹ́ ibi tó tọ́ láti bẹ̀rẹ̀.