Fọ́ńkíṣọ̀n

Nínú ìṣirò, fọ́ńkíṣọ̀n ni òfin tó ń gba ohun kan wọlé (nọ́ńbà ló sábà máa ń jẹ́), tó sì ń dá èsì kan ṣoṣo padà. Ẹ wo f(x) = x² + 1. Fi 3 sí ipò x: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, fi 1 kún un, 10 ló jáde. Fi −3 sí i, 10 náà ni. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ o: nọ́ńbà méjì lè pàdé níbi èsì kan, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan kò gbọdọ̀ bí èsì méjì. Òfin mìíràn kì í gba gbogbo nọ́ńbà. 1/x kò gba òdo rárá. Leonhard Euler, ará Switzerland, ló mú àmì f(x) wọlé ní 1734.