Ìgbín àti Ìkarahun Rẹ̀ ní Ìlú Salvador

"Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e." Ibi ìgbéyàwó wà lára ibi tí a ti ń gbọ́ òwe yìí jù lóde òní. Àgbà kan nínú ẹbí ọkọ á kọjú sí ìyàwó, á ní ibi tí ọkọ bá forí lé ni kí ó máa bá a lọ, nítorí ìgbín kì í rìn kí ìkarahun rẹ̀ gbélé. Gbogbo ilé á ṣe àmín, ètò á sì máa lọ. N kò bá àwọn àgbà jiyàn lórí ohun tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn baba wọn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá ti mú ìgbín lọ́wọ́ rí mọ̀ pé ilé ìgbín ni ìkarahun í ṣe. Inú rẹ̀ ló ń wọ̀ sí bí oòrùn bá mú, bí ó bá sì sán, òun fúnra rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Bí a bá fẹ́ fi òwe náà bá tọkọtaya sọ̀rọ̀, ọkọ àti ìyàwó ni ìgbín, iṣẹ́ ilé ni ìkarahun. Àwọn méjèèjì ló ń fà á, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbà lọ láyé tí kò ní tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn-àjò wò ó, pàápàá irú èyí tí tọkọtaya ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn lórí owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tó lọ sókè òkun fún òpin ọ̀sẹ̀ lè gbé aṣọ tó máa tó o lọ. Ẹni tí yóò rìn pẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, aṣọ á dọ̀tí, ọṣẹ á tán, okùn báàgì á já, owó tí wọ́n ṣẹ́ á gbẹ lápò. Ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí wọn ò ní lọ síbi tó jìnnà, tí wọ́n á fọ aṣọ, tí wọ́n á lọ sọ́jà, tí wọ́n á sì fi àkókò tó bá ṣẹ́ kù wo ìlú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọjọ́ tó ṣòfò. Èmi gbà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni àlejò ń wọ inú ìlú. Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni n ó fi ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ti lo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, àwọn alágbàfọ̀, aláàárù àti alákàrà ló sì gbé ìlú yẹn dúró.

Orí òkè tó kọjú sí òkun ni àwọn Potogí tẹ ìlú náà dó sí ní 1549, ó sì jẹ́ olú-ìlú Bùràsíìlì títí di 1763, kí wọ́n tó gbé ìjọba lọ sí Rio de Janeiro. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú títì. Ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi fara ti ara wọn láti Pelourinho títí dé Santo Antônio Além do Carmo, níbi tí àlejò tí kò lówó púpọ̀ ti ń rí yàrá gbà. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni a ti rí ilé alágbàfọ̀. Obìnrin àgbàlagbà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà da aṣọ wa sórí òṣùwọ̀n, nítorí kílò ni ó fi ń gba owó. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò bóyá owó kù síbẹ̀. Ìyàwó mi fa ẹ̀wù funfun kan yọ, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fi àbàwọ́n yìí hàn wọ́n o, kí wọ́n má dà á pọ̀ mọ́ ìyókù." Kí n tó rí ọ̀rọ̀ Potogí tí n ó sọ, obìnrin náà ti gbé e sún mọ́ imú. Ó ní, "Dendê," ó sì rẹ́rìn-ín. Epo pupa ni. Ó fi ọṣẹ líle ra ojú ibẹ̀, ó ká ẹ̀wù náà sọ́tọ̀, ó kọ orúkọ wa sórí bébà bí ó ṣe gbọ́ ọ, ó ní ká padà wá ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó dé, ẹ̀bá omi ni aṣọ ìlú yìí ti ń mọ́. Àwọn obìnrin a máa ru ẹrù aṣọ lọ sí Dique do Tororó, adágún tó wà láàárín ìlú, àti sí Abaeté ní ìhà Itapuã, níbi tí omi dúdú wà láàárín yanrìn funfun. Nígbà ẹrú, púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ìgboro fún olówó wọn: iye kan pàtó ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú wálé, èyí tó bá lé ni tiwọn. Láti inú èyí tó lé yẹn ni àwọn mìíràn ti tu owó jọ títí tí wọ́n fi ra ara wọn padà. Lónìí, ère àwọn òrìṣà wa dúró lórí omi Tororó. Tati Moreno ló ṣe wọ́n, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti 1998. Àwọn àlejò ń sáré ya fọ́tò wọn láti inú ọkọ̀. Ó wù mí kí ẹnì kan máa sọ fún wọn pé ibi ìfọṣọ ni etí omi náà tẹ́lẹ̀.

Fífọ nǹkan tilẹ̀ ti di ọdún ńlá ní Salvador. Ní oṣù January, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun a máa gbéra láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia, wọ́n á fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ dé ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, wọ́n á sì fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń yàn fún ẹrú ṣáájú ọdún ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ yìí mọ Ọbàtálá, wọ́n mọ omi tútù àti aṣọ àlà, wọ́n sì sọ iṣẹ́ àfipáṣe di ìjọsìn. Àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì lé wọn kúrò nínú ilé náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wà lọ́wọ́ wọn títí dòní. N kò mọ ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ní iyì ju èyí lọ.

Láti òkè, a ní láti sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú ìsàlẹ̀ láti lọ ra ọjà. Elevador Lacerda ni gbogbo èèyàn ń wọ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ṣí ní 1873, tó ga ní mítà 72. Owó kékeré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, kí o sì tó tún ìdúró ṣe, ó ti balẹ̀. Ẹni tó bá gbé báàgì sẹ́yìn, tó sì wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, yóò bi ara rẹ̀ pé ta ló ń gbé ẹrù gun ibí kí ẹ̀rọ tó dé.

Àwọn aláàárù ni. Ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n, ẹrú àti ẹni òmìnira, àwọn Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Oríta kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ aláàárù tirẹ̀ àti olórí tí wọ́n ń pè ní kápítéènì. Wọ́n ń fi ọ̀pá gbé àgbá ọtí àti àpótí ṣúgà, wọ́n ń gbé àwọn ọ̀gá fúnra wọn sórí àga, wọ́n sì ń kọrin kí ẹsẹ̀ wọn lè bára mu. Ìjọba kò fọkàn tán wọn. Ní January 1835, nínú ilé kan ní Ladeira da Praça, tí kò jìnnà sí òkè ẹ̀rọ agbéniròkè yìí, ni ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí wa ti bẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀tẹ̀ Malê. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń le mọ́ ọmọ Áfíríkà ní ìgboro. Nígbà tó di 1857, ìjọba ìlú ní kí aláàárù kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀, kí ó wá onígbọ̀wọ́, kí ó sanwó, kí ó sì so àwo irin tó ní nọ́ńbà mọ́ ọrùn. Ní June ọdún yẹn, àwọn aláàárù gbé ẹrù sílẹ̀. Ìlú dá wáí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ: ọjà kò kúrò ní èbúté, òkè kò rí nǹkan gbà láti ìsàlẹ̀. Ìjọba yára yọ owó náà kúrò, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò tètè padà, nítorí ohun tó ń dùn wọ́n jù ni irin ọrùn. Onímọ̀ ìtàn João José Reis ti fi odindi ìwé ṣàlàyé ìyanṣẹ́lódì yìí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa kà nípa rẹ̀ nílé ìwé ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta.

Ọjà São Joaquim ni a ti ra ohun tí a nílò. Ẹ̀yìn tí iná jó ọjà Água de Meninos ní 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀, etí òkun ló sì wà. Ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró, ó tutù, òórùn edé gbígbẹ àti ewé tútù ló gba ibẹ̀ kan. Epo pupa wà nínú ìgò, obì àti orógbó wà lórí àtẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ là ń wá, ọṣẹ dúdú ni a kọ́kọ́ rí, òrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ataare náà ò sì gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ni wọ́n ń fi "da costa" kún orúkọ wọn, nítorí láti etíkun wa ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó wọn wá láyé àtijọ́. Ìyàwó mi gbé ọṣẹ náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nájà pẹ̀lú ìka ọwọ́. Ojúlówó ni, ó ní. A ra ìyẹn, a ra ọṣẹ ìfọṣọ, a ra abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn ọ̀rá.

Èmi ni mo rán okùn báàgì tó já, lábẹ́ igi ní gbàgede Terreiro de Jesus, nígbà tí ìyàwó mi lọ ṣẹ́ owó. Ọkùnrin tó bá ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò sí fún òun, kí ó má gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Museu Afro-Brasileiro wà, tí wọ́n ṣí ní 1982 nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́. Pátákó igi 27 tí Carybé gbẹ́ ni kí ẹ wò níbẹ̀, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹranko àti ohun ìjà rẹ̀. A pẹ́ níwájú Ṣàngó.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn alákàrà ti jókòó sí ìdí agbada. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n fi epo pupa dín ni, ṣùgbọ́n ó tóbi ju tiwa lọ, wọ́n á sì là á láàárín, wọ́n á fi edé àti ọbẹ̀ kún inú rẹ̀. Abará tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí mọ́ínmọ́ín eléwé. Bí alákàrà bá bi ọ́ bóyá kó gbóná, ata ló ń sọ. Ní 2005 ni ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí owó àkàrà ti ra òmìnira fún ọ̀pọ̀ ìyá.

A gba aṣọ wa. Àbàwọ́n epo ti lọ, ó ku òjìji rẹ̀ díẹ̀ ní ọrùn ẹ̀wù. A gbé e lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní Pelourinho, nítorí pé ìlù àti agogo ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn èèyàn dúdú tó ti wà láti 1685 ló ni ín. Ní 1704 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà, ó sì gbà wọ́n tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí ẹ̀yìn iṣẹ́ olówó wọn ni wọ́n ń ráyè kọ́ ọ. Nígbà tí a jáde, a jókòó sórí àtẹ̀gùn, a to aṣọ sínú báàgì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú Cachoeira ni a máa wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó mi ní òun ni yóò gbé èyí tó wúwo, nítorí èmi ni mo gbé e wọ Salvador, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.