Mọ́tò Elvis Tó Sùn Láàárín Elégédé

Bí ẹnì kan bá ra mọ́tò àtijọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó sì tún un ṣe títí ó fi ń dán, a máa ń sọ pé ó ti jí i dìde. Ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni pé: èwo nínú ọjọ́ ayé mọ́tò náà ló jí? Ìtàn BMW 507 kan, tí nọ́ńbà ìdí rẹ̀ jẹ́ 70079, la ó fi ṣàlàyé.

Láàárín ọdún 1956 sí 1959, irú mọ́tò eré ìje yìí tí BMW ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ ju 250 lọ. Ó lẹ́wà, ó sì lè sáré, ṣùgbọ́n ó wọ́n débi pé àdánù ló mú bá ilé iṣẹ́ náà. Hans Stuck ló kọ́kọ́ fi 70079 díje. Nígbà tí ọdún 1958 ń parí lọ, ó dé ọwọ́ Elvis Presley, olórin Amẹ́ríkà tó ń ṣe sójà ní Jámánì. Funfun ni mọ́tò náà nígbà yẹn. Àwọn ọmọbìnrin ń fi ìtọ́tè kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i lára, títí Elvis fi ní kí wọ́n kùn ún ní pupa.

Lẹ́yìn tí Elvis padà sílé ní 1960, mọ́tò náà di ti Tommy Charles, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Alabama. Ó yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó fi ti Chevrolet dípò, ó sì fi sá eré ìje. Ní 1968, Jack Castor rà á ní California, láìmọ̀ pé Elvis ti wà á rí. Nígbà tó yá, ó gbé e sí ilé kan tí wọ́n ń kó elégédé pa mọ́ sí. Kò tà á, kò tú u tà. Ṣe ló ń ṣa ẹ̀yà ara rẹ̀ jọ. Nọ́ńbà ìdí rẹ̀ ló padà tú àṣírí.

Ní 2014, BMW gbé e lọ sí Munich. Wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ bó ṣe wà, tòun ti ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u palẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yà àtijọ́ to ẹ́ńjìnnì mìíràn jọ, wọ́n sì ń wo fọ́tò àtijọ́ kí awọ àga lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀: iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 2. Ní oṣù August 2016, mọ́tò náà jáde ní Pebble Beach, funfun báláú. Castor kò sí láyé mọ́. Ó ti kú ní 2014.

Ọjọ́ tí Elvis gbà á ni wọ́n jí. Ọ̀dà pupa tí ìtọ́tè fà, ẹ́ńjìnnì Charles, eruku ilé elégédé, gbogbo wọn ti lọ. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ìpẹtà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n pé wọ́n kọ́kọ́ fi han ayé bó ṣe wà, ibẹ̀ gan-an ni mo ti yìn wọ́n jù.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò baba rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé, kó tó pe mẹkáníìkì, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kùn ún àti ìdí tó fi kùn ún.