Ògún kì í ṣe ogun: èsì kan láti Pobè àti Sakété

Àwọn tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà ti to òrìṣà wa sórí àtẹ: Ṣàngó ló ni àrá, Ọ̀ṣun ló ni odò, Ògún ló ni ogun. A lè forí ji eléré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ bá tún kọ "Ògún, òrìṣà ogun" tó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ ká dá a lóhùn. Òrìṣà irin ni Ògún, ti gbogbo ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́.

Ohùn ni kí a kọ́kọ́ gbọ́. Ogun tí à ń jà, ohùn àárín méjì ni. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ti òkè ni Ògún ní. Ogún tí a jẹ lọ́wọ́ bàbá, àárín àti òkè. Bí ìjọra lẹ́tà bá tó ẹ̀rí, kí ló dé tí a kò sọ pé òrìṣà ìní bàbá ni, tàbí ti ogún owó ẹyọ? Ọmọdé Sakété tí wọ́n rán níṣẹ́ ọkọ́ kò jẹ́ mú ọ̀kọ̀ wá. Orí ìwé ni àṣìṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀: Ogoun tí àwọn Faransé ń kọ kò ní àmì ohùn kankan, ẹni tó bá sì fi ojú nìkan kà á, ohun tó bá wù ú ni yóò gbọ́. (Àwa náà kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wá dé ojúbọ. Pierre Verger, onímọ̀ ará Faransé tó kọ nípa òrìṣà, ka àwọn Ògún agbègbè Pobè àti Sakété, ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́kọ̀ọ̀kan: Ògún Ondó ní Pobè, Ògún Edeyi ní Ilodo, Ògún Igiri ní Adja-Ouèrè. Ìlú ni Ondó. Ẹni tó bá rí ogun nínú orúkọ yẹn, kó fi hàn wá. Nínú àtẹ̀jáde kejì, ti 1997, ìwé nípa Ògún tí Sandra Barnes ṣe olóòtú rẹ̀, J. D. Y. Peel fi hàn pé ìrísí Ògún ń yí padà láti ìlú dé ìlú, Henry Drewal sì kọ nípa àwọn olóòlà. Abẹ ni wọ́n fi ń jọ́sìn, awọ ara ènìyàn sì ni wọ́n ń fín. Ta ni olóòlà ń bá jagun?

Alátakò mi yóò na ọwọ́ sí ìjọba Dàhómì àtijọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: ère Gu (orúkọ tí àwọn Fọ̀n ń pe Ògún) tí Akati Ekplekendo fi irin rọ ní ọ̀rúndún 19, tó dé Louvre ní 2000, tí kò sì sí lára iṣẹ́ ọnà 26 tí Faransé dá padà fún Benin ní 2021, ti ogun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ààfin ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọba tó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ló ń wá òrìṣà tí yóò ṣáájú wọn. Àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá agbègbè wa níbí, ńkọ́, tí wọ́n dìde sí Faransé ní 1914? Wọ́n jà, ẹrẹ̀ dúdú ilẹ̀ wọn sì bá wọn jà. Jíjà wọn kò sọ òrìṣà wọn di ti ogun, gẹ́gẹ́ bí oko ríro kò ṣe sọ ọ́ di ti iṣu.

N ò sọ pé ọ̀rọ̀ parí. Ó lè jẹ́ pé ẹnu irin ni Ògún ni, tí ogun sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ẹnu náà ń dé. Títí di òní, n kò tíì rí ẹ̀rí tó ta ko èyí.

Ibòmíràn tí ẹnu náà ń dé ló ń gbà mí lọ́kàn báyìí: orí ọ̀pẹ. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, màrìwò sì ni aṣọ ojúbọ Ògún. Akọ̀pẹ tó so igbà mọ́ ìdí, tó mú àdá lọ́wọ́, irin ló gbẹ́kẹ̀ lé lókè níbẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn akọ̀pẹ léèrè ohun tí wọ́n ń sọ sí àdá náà kí wọ́n tó gùn.