Àlàfo Tó Wà Láàrin Àìsàn àti Ikú

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ìtumọ̀ òwe yìí kò farasin: egbòogi lágbára lórí àrùn, ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé, oníṣègùn á káwọ́ gbera. Ẹnu oríṣi èèyàn méjì ni a ti sábà máa ń gbọ́ ọ. Èkíní ni ẹni tó wá tu ọmọ olóògbé nínú, kí ó má baà máa rò pé àìbìkítà òun ló pa bàbá òun. Èkejì ni dókítà tàbí adáhunṣe tí ọgbọ́n ti tán nínú rẹ̀, tó fẹ́ kí wọ́n máa gbé aláìsàn wọn lọ sílé. Ti ẹni àkọ́kọ́ dára. Ti ẹnì kejì ni àbùkù wà nínú rẹ̀, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàrin àìsàn tó ṣeé wò àti ikú tí kò ṣeé wò. Bí ọ̀kan bá ti parí, kí á káwọ́ lẹ́rán de èkejì. Bẹ́ẹ̀, àlàfo wà níbẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ẹnu ilé ọmọ, àlàfo náà lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè ju ọdún kan lọ. Èèyàn ń gbé inú rẹ̀: ó ń sùn, ó ń jí, ó ń kérora, ó ń ro ti ilé tí kò tíì kọ́ parí, ó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ òótọ́.

Ìyàtọ̀ tó yẹ kí á dì mú ṣinṣin nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó wà láàrin ikú àti ìpọ́kàkà ikú. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. A gbà pé bí ẹ̀mí yóò bá bọ́, dandan ni kí ara joró. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé oró náà ní ohun tó ń sọ. Bí arúgbó bá ń kérora láti alẹ́ mọ́jú, tí kò sì tètè lọ, ará àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ní ohun tó ṣe nígbà èwe tí kò tíì jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí burú ju àìsàn náà lọ, nítorí ẹni tó yẹ kí á ràn lọ́wọ́ ni ó ń sọ di ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́. Kókó jẹjẹrẹ tó ti ràn dé egungun ẹ̀yìn, tó wá ń tẹ iṣan ìmọ̀lára, kì í bèèrè ìwà kí ó tó ta èèyàn. Ó ń ta olè, ó ń ta wòlíì. Bí a bá sì rí nǹkan fi pa ìrora náà, àti olè àti wòlíì ni yóò sùn.

Ẹni tó fi èyí yé àwọn oníṣègùn òde òní jù lọ ni Cicely Saunders, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó wá di dókítà. Ní 1967 ni ó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tó ń kú lọ, sílẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, inú ilé náà gan-an ni òun náà sì dákẹ́ sí ní 2005. Ohun tó kíyè sí kò lọ́jú pọ̀. Àwọn dókítà ń dúró kí ìrora dójú ẹ̀ kí wọ́n tó fún aláìsàn lóògùn, bí ara bá tún rọ̀ ọ́ díẹ̀ wọ́n á dáwọ́ dúró. Ó ní kí wọ́n máa fún un ní àkókò-àkókò, kí ìrora tó padà dé. Ó tún ní ìrora ẹni tó ń kú lọ pé ọ̀nà mẹ́rin: ti ara, ti ọkàn, ti àárín òun àti àwọn èèyàn rẹ̀, àti ti ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ kí á wo obìnrin tí egbò jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti ń rùn, tí ọkọ ti kó lọ sí yàrá kejì, tí àwọn ọmọ ọmọ kò súnmọ́ mọ́. Oògùn ìrora kò lè gbọ́ tiẹ̀ tán. Ohun tí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé yóò lọ oògùn Flagyl kúnná, yóò wọ́n ọn sójú egbò lẹ́yìn tó bá ti fọ̀ ọ́, òórùn náà á sì fà sẹ́yìn láàrin ọjọ́ mélòó kan. Àwọn ọmọ ọmọ á padà wá jókòó tì í. Kò wo jẹjẹrẹ náà sàn o, kò sì fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé kò ṣe nǹkan kan? Irú iṣẹ́ yìí, tí à ń pè ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, wà nítòsí wa pẹ̀lú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń tọ aláìsàn lọ sílé.

Oògùn tó jẹ́ òpó iṣẹ́ náà ni mọ́fíìnì, òun náà sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èèyàn jù. Èyí tí wọ́n ń lò nílé kì í ṣe abẹ́rẹ́ rárá. Lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọ́n á sì fi àwọ̀ sí i kí á lè mọ èyí tó le yàtọ̀ sí èyí tó rọ̀. Ó korò. Ṣírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu ni ọmọ yóò fi fà á, yóò rọra tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, bí dókítà bá ṣe wọ̀n ọ́n fún un. Oògùn ìyàgbẹ́ ni wọ́n sì ń fi tì í, nítorí mọ́fíìnì a máa dí ìgbẹ́. Wọ́n ní oògùn yìí ń pani. Ohun tó fa àhesọ yìí ni pé a máa ń fi í pamọ́ di ìgbà tó bá ku ọ̀la: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kú lọ́jọ́ Ẹtì, a wá ń fi ẹ̀sùn Ẹtì kan oògùn Ajé. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, tí à ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ìrora bá ṣe tó, aláìsàn lè lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n tún ní ó ń sọ èèyàn di ajòògùnyó. Òótọ́ ni pé ara a máa mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi dá a dúró lójijì. Ṣùgbọ́n ara tó mọ́ oògùn yàtọ̀ sí ọkàn tó ń wá oògùn kiri, ẹni tí jẹjẹrẹ egungun ń ta kò sì wá ju oorun lọ. Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tẹ ìlànà pípa ìrora jẹjẹrẹ jáde, tí mọ́fíìnì wà ní àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ga jù.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn ọmọ rere, tí wọ́n ní ẹni tó bá gba irú ìtọ́jú yìí fún òbí rẹ̀ ti fọwọ́ sí ikú nìyẹn. Èrò yìí kò dúró lójú ìwádìí. Ní 2010, àwọn oníṣègùn ní Massachusetts General Hospital ní Boston tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí èèyàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti tàn ká ara wọn. Gbogbo wọn ló ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìtọ́jú ìdẹ̀rùn kún ti apá kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Apá yìí ni ìbànújẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú, àwọn ni a kò sì fi oríṣiríṣi ìtọ́jú líle há mọ́ nígbà ìkẹyìn. Síbẹ̀ àwọn ló pẹ́ jù: nǹkan bí oṣù 11.6, nígbà tí àwọn yòókù lo nǹkan bí 8.9. Ìwádìí kan ṣoṣo ni, lórí àrùn kan ṣoṣo, n kò sì ní sọ pé ìdẹ̀rùn ń fa ẹ̀mí gùn nínú gbogbo àrùn. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ẹni tó gbà á kò fi àìsàn sílẹ̀ láìwò.

Ibòmíràn tí a ti ń fi ìfẹ́ ṣe aláìsàn léṣe ni oúnjẹ. Bí ẹni tó wà lójú ikú bá ti ń yí orí kúrò lọ́dọ̀ ṣíbí, ìdààmú á bá ilé: wọ́n á po ògì kó ṣàn, wọ́n á la ẹnu rẹ̀, wọ́n á dà á sí i. A rò pé àìjẹun ló fẹ́ pa á. Òdìkejì rẹ̀ ni: ara tó ti ń pa ilé dé kò lè lo oúnjẹ mọ́, ìdí nìyẹn tí ebi kò fi pa á. Ògì tí kò lè gbé mì á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á sì sọ ọjọ́ mẹ́ta ìfọ̀kànbalẹ̀ di ọjọ́ mẹ́ta ikọ́. Òwú tútù tí a fi ń pa ètè àti ahọ́n rẹ̀, tàbí kí á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ tó ń hó lọ́fun rẹ̀ lè ṣàn jáde, ló wúlò jù.

Ta ni yóò wá sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí? “Ẹ má sọ fún un o, ọkàn rẹ̀ á já” ni ẹbí ń bẹ dókítà. A tún ń fi àṣà gbè é lẹ́sẹ̀ pé Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ ikú fún aláìsàn, ṣùgbọ́n àṣà náà kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Àgbàlagbà tó bá ti rí i pé ilẹ̀ ń ṣú a máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, a súre fún wọn, a sọ ẹni tó jẹ òun lówó àti ẹni tí òun jẹ, a sì sọ ibi tí ó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ ni kí ẹlòmíràn fi ikú dẹ́rù bà á. Kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe èèwọ̀. Nítorí náà ìbéèrè ni ó yẹ kí dókítà fi bẹ̀rẹ̀: “Bàbá, kí ni ẹ mọ̀ nípa àìsàn yín? Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n sọ tó?” Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, tọ aláìsàn jẹjẹrẹ 332 àti ẹni tó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn tí dókítà bá sọ̀rọ̀ nípa ìkẹyìn kò banú jẹ́ ju àwọn tí a kò bá sọ ọ́ lọ. Èyí tó jọ mí lójú jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú: àwọn tí èèyàn wọn kú sáàrin ẹ̀rọ àti ìtọ́jú líle ni ìbànújẹ́ tó di àìsàn tètè mú.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà. Ọmọ tó wà nílé, tó ń fọ ìdọ̀tí, tó ń gbọ́ ìkérora, lè gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Èyí tó wà ní Houston tàbí Peckham, tí ọdún mẹ́rin ti kọjá tó ti wálé kẹ́yìn, á pè lórí WhatsApp pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ, owó ń bọ̀. Bí bàbá bá wá kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyàwó kejì á bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n yọ dírípù. Ohun tí ẹ̀sùn yìí ń bẹ̀rù kò ju ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu bàbá fúnra rẹ̀ jáde, níṣojú àwọn ọmọ gbogbo obìnrin rẹ̀, nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé. Àwọn kan rò pé ìwé ìhágún ti gbọ́ èyí. Kò gbọ́ ọ. Ìwé ìhágún kì í sọ̀rọ̀ títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Ó dára fún ilé àti ilẹ̀, pàápàá fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pín ogún òun ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, èyí tí ilé ẹjọ́ Privy Council fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Ẹlẹ́rìí méjì ni kó rí i bó ṣe ń fọwọ́ sí i, kí ẹni tó máa jogún má sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ti àlàfo tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni: ẹni tí yóò máa dáhùn fún un bí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá ilé ni ó fẹ́ kú sí tàbí ọsibítù, àti ìgbà tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sórí ẹ̀rọ.

Bí ikú bá ti dé tán, ọ̀fọ̀ ló kàn, àṣìgbọ́ kan sì wà nípa rẹ̀ tó ti di ìwàásù. Wọ́n ní ìpele márùn-ún ni ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá, láti kíkọ̀ dé gbígbà. Elisabeth Kübler-Ross, tó kọ ọ́ ní 1969, kò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn opó. Àwọn tó ń kú lọ ni ó bá sọ̀rọ̀ ní Chicago. Àlàyé tí Margaret Stroebe àti Henk Schut ṣe ní Netherlands ní 1999 sún mọ́ ohun tí ojú ń rí: ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń sunkún lówùúrọ̀, ó ń ná ata lọ́sàn-án, kò sì sí irọ́ nínú méjèèjì. Òkú àgbà ti ní àyè fún èyí láàrin wa: ẹkún wà, ìlù wà. Àwọn ọdẹ tún ṣe é dáadáa ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Níbi ìṣípà, ìyẹn ayẹyẹ ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú, tí Bádé Àjùwọ̀n kọ ìwé lé lórí, ìrèmọ̀jé ni wọ́n fi ń dárò ẹni tó lọ, wọ́n á sì yà á kúrò nínú ẹgbẹ́ ní gbangba. Ẹ̀dùn wọn ní ẹnu, ó sì ní ibi tó parí sí.

Òkú ọ̀dọ́ ni àṣà wa kò gbọ́ tirẹ̀ tán. Òbí kì í mọ sàréè ọmọ. Wọ́n á ní kí ìyá má sunkún jù, kí ó má baà fa òmíràn. Mo mọ̀ pé àánú ló bí i, láti fi gba ìyá náà sílẹ̀ kó lè dìde tọ́jú àwọn tó kù. Síbẹ̀ ẹkún tí a dí lọ́nà kì í ṣe ẹkún tó tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọ̀fọ̀ tó ti kọjá oṣù mẹ́fà, tó le kọjá ohun tí àṣà ẹni gbà, tí kò sì jẹ́ kí èèyàn lè ṣe nǹkan kan, mọ́ àìsàn tó yẹ ní wíwò. Ní ti opó, òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá ti sọ fífi ìyà jẹ ẹ́ lórúkọ àṣà di ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àkókò tí ìsìn Ìsìláàmù là sílẹ̀ fún un, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò ní fífá orí tàbí sísùn lórí ilẹ̀ lásán nínú.

Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́ sọnù. Ó tọ̀nà tó bá ní a kì í wo ikú. A kò ní kó wò ó. Ìrora ni a ní kó wò, ìrora sì jẹ́ àìsàn. Ìdí tí a kì í fi wò ó kì í ṣe owó, nítorí lẹ́búlẹ́bú mọ́fíìnì kò wọ́n: owó màlúù kan níbi ìnáwó òkú lè ra ti aláìsàn púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó nílò irú ìtọ́jú yìí láyé ló ń rí i gbà. Uganda, tí kò lọ́rọ̀ tó wa nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1993 nígbà tí dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Kampala. Ní 2004, òfin ibẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ àkànṣe láṣẹ láti kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ìwòsàn ńlá ni a ti sábà ń rí i. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń ta ní abúlé lẹ́bàá Ṣakí ní láti rán èèyàn lọ sí ìlú ńlá kí ó tó rí ìgò kan gbà, nígbà tí nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lójúde rẹ̀, tó lè kọ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n bá fún un láṣẹ.